Ewúro Láàárọ̀, Iyán Lálẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi ewúro láago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹ tún ń bá iyán wọ̀yá ìjà láago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá lónìí. Ẹ má wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Mo mọ̀ yín. Ẹ ó fún ewúro títí omi rẹ̀ á fi dúdú nínú kọ́ọ̀bù, ẹ ó dijú, ẹ ó dimú, ẹ ó gbé e mì gbúlú. Ara yín á gbọ̀n rìrì. Ẹ ó wá mí kanlẹ̀, ẹ ó ní, "Ṣúgà ti gbà á lónìí." Ṣúgà kò gba nǹkan kan. Ṣúgà fẹ̀yìn tì, ó ń retí ìrọ̀lẹ́, torí ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ padà wá pẹ̀lú iyán, ẹ̀gúsí, ẹran mẹ́rin, àti ìgò mínírà kan tó tutù nini tí ẹ máa ní ẹ fẹ́ fi ṣan ọ̀fun.

Rìbá lẹ̀ ń fi ewúro ṣe. Ẹ ń kì í bọ àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ kó lè yẹ̀ lójú títì, kí ẹ̀yin àti oúnjẹ ráyè kọjá. Ewúro aláìṣẹ̀ ò sì mọ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n pe òun wá ṣe.

Ìnàkí gan-an mọ ewúro í lò jù yín lọ. Ní 1987, nínú igbó Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú igbó rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀, ó jẹ inú rẹ̀ lẹ́nu, ó fa omi kíkorò náà mu, ó sì tu háhá rẹ̀ dànù. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi mókun. Àwọn onímọ̀ gbà pé aràn inú ló ń fi ewúro lé. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí àìsàn dé ló lò ó, nígbà tí àìsàn lọ ó fi ewé sílẹ̀. Kò fi mínírà sìn ín. Kò pe rédíò láti jẹ́rìí.

Rédíò! Ẹ ṣáà tan tiyín lówùúrọ̀ Sátidé. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kí yín tán, Dókítà Àlàájì Olóyè kan ti gba maiki lọ́wọ́ ẹ̀. Oyè mẹ́ta ló wà lórí orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí ìwé ẹ̀rí ọ̀kan nínú wọn rí. Oògùn tó gbé wá ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí, ọpá ẹ̀yìn, àrọ̀mọ́léegun, àìróorunsùn, ojú tó ń ṣe bàìbàì àti ọkọ tí kì í tètè wálé. Bó bá ṣẹ́kù sínú ìgò, ẹ lè fi nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ọjà lè yá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́rìí á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọlé. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò ó, ṣúgà mi ti 400 já sí 90." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á pariwo, wọ́n á ju orin sí i. Kò sí ẹni tó bi ẹlẹ́rìí pé kí ló jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ìpayà 400 ti dí i lọ́fun, ẹ̀kọ pàápàá kò gbé mì, àgúnmu wá gba ìyìn.

Àyẹ̀wò kan wà tó máa ń tú àṣírí irú wọn. HbA1c ni àwọn dókítà ń pè é. Ìyẹn ò béèrè ohun tí ẹ jẹ lánàá. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló máa ń wò, tó bá sì ti dé 6.5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ lè gbààwẹ̀ alẹ́ kan kí ẹ fi tan ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka jẹ. Ẹ wá gbààwẹ̀ oṣù mẹ́ta kí ẹ fi tan èyí jẹ, ká wò ó. Bí ẹ bá sì gbà á lóòótọ́, ẹ̀tàn yín ti wò yín sàn nìyẹn, ẹ kú oríire.

Ẹ bá mi yí ìgò Dókítà Àlàájì Olóyè padà. Ẹ wọ awò ojú yín, ẹ̀yin àgbà. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé èèrà nìkan ló lè kà á, ẹ ó rí ohun tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi dandan mú wọn kọ: pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí oògùn yìí ń sọ nípa ara rẹ̀ wò. Nọ́ńbà tí lẹ́tà L wà nídìí rẹ̀, èyí tí ọkùnrin náà ń fi yangàn lórí afẹ́fẹ́ pé "A ní nọ́ńbà o, a ò sá fún ìjọba," ìwé ìforúkọsílẹ̀ lásán ni. Wọ́n ti mọ̀ pé ó wà lọ́jà. Pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, ẹnu ẹni tó ń tà á ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Èmi ò bá ìyá alágbo àdúgbò jà o. Ìyẹn ò pe ara rẹ̀ ní dókítà. Á gbé bàsíà rẹ̀ kalẹ̀ nídìí gáréèjì, á to ìgò, á nu kọ́ọ̀bù ike pẹ̀lú etí ìró, á bi yín pé, "Kí ló ń ṣe yín, bàbá?" Bí ẹ bá ní ṣúgà ni, á bu ti jẹ̀dí, á fi ti ìbà là á, á wò yín lójú, á tún já díẹ̀ lé e láti inú ìgò kẹta tí kò lórúkọ. Bí ẹ bá jẹ́ awakọ̀ tí kì í fẹ́ agbo lásán, ògógóró á dé sí i, ó ti di ṣẹ́pẹ́ nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ìyá ni ìwọ̀n. Bí ẹ bá kí i tọ̀yàyà tọ̀yàyà, tí ẹ béèrè àwọn ọmọ, ìwọ̀n á lé. Bí gbèsè àná bá wà lọ́rùn yín, ìwọ̀n á lọ sílẹ̀, àtọ̀gbẹ á sì ní sùúrù títí ẹ ó fi san án. Obìnrin yẹn mọ ewé, kò sí àríyànjiyàn. Èmi ń bẹ̀rù ọwọ́ tó ń bù ú ni.

Àwọn alágùúnmu ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n gún ewé, wọ́n gún èèpo, wọ́n gún egbò, wọ́n jọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n dì í sí ọ̀rá, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ti àtọ̀gbẹ ni. Ẹ ní kí ni kẹ́ ẹ fi lò ó? "Ẹ̀kọ gbígbóná tàbí mínírà funfun." Mínírà! Ìgò kan rẹ̀ lè gbé ohun tó tó ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà pamọ́ sínú. Ẹ pe ọlọ́pàá kó wá mú olè, ẹ wá ní kí olè náà fi mọ́tò rẹ̀ lọ gbé ọlọ́pàá wá.

Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa má rò pé mo gbàgbé wọn. Ẹ wọ ibi ìkàwé àwọn yunifásítì wa, ẹ ó bá ìwé àpilẹ̀kọ lórí ewúro, lórí ejìnrìn, lórí efinrin, moringa, orógbó àti àlùbọ́sà. Ẹ wo ẹni tí wọ́n dán an wò lára: eku funfun. Wọ́n á gún eku náà lábẹ́rẹ́ alloxan tàbí streptozotocin, tó ń ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde nínú ara jẹ́, kí eku tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá lè di alátọ̀gbẹ tipátipá. Wọ́n á fún un ní omi ewé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ṣúgà eku á wálẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gòkè. Ká má parọ́, eku Nàìjíríà ti yè bọ́. Kò sí ewé tí wọn ò tíì fi tọ́jú ẹ̀, èèyàn ló kù sẹ́yìn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lára ọmọ èèyàn ò tó nǹkan, iye èèyàn inú wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í pẹ́. Eku ò sì lọ òde ìnáwó rí. Kò sí àna tó dúró ti eku, tó ń bu ìrẹsì kún àwo rẹ̀, tó ń ní, "Ẹ̀ ń tijú wa ni, ẹ jẹun jàre."

Kì í kúkú ṣe pé ewé ò lágbára. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì gbọ́ ìtàn ewé tó lọ sílé ìwé. Galega officinalis ń hù káàkiri Yúróòpù. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń sè é fún ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀, àwọn darandaran sì mọ̀ pé àgùntàn tó bá jẹ ẹ́ yó lè kú. Àwọn onímọ̀ wá a wò, wọ́n rí ohun tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ohun kan náà lè ṣe èèyàn níjàǹbá. Wọn ò dì í sí ọ̀rá. Ní 1922, àwọn méjì ní Dublin, Werner àti Bell, po ọmọ ìyá rẹ̀ kan pọ̀ nínú ilé ìwádìí. Ní 1957 ni Jean Sterne, dókítà kan ní Paris, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe ṣiṣẹ́ lára àwọn alátọ̀gbẹ. Amẹ́ríkà ní àwọn ò tíì gbà. 1994 ni wọ́n tó buwọ́ lù ú. Metformin nìyẹn, hóró funfun tí ẹ jù sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ ní "kẹ́míkà òyìnbó" ni, pé ewé lẹ̀ ń fẹ́. Ewé ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó kàn ti kàwé ju Dókítà Àlàájì Olóyè lọ ni. Igi ápù náà ò gbẹ́yìn: ní 1835 ni wọ́n yọ ohun kan tó ń jẹ́ phlorizin lára èèpo rẹ̀, láti ara ìyẹn sì ni wọ́n ti rí ọ̀nà ṣe irú oògùn bíi dapagliflozin, tó ń mú kí ara tọ ṣúgà dànù. Láti 1835! Àgúnmu tiwa, wọ́n gún un ní Túsìdeè, ó ti dé orí rédíò ní Sátidé.

Ó yá, ẹ̀yin Àǹtí tí ẹ ń rẹ́rìn-ín àwọn bàbá yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíì tó ń fa ikùn wọlé tó wà lórí tábìlì yín, ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ máa ń mu ún lálẹ́, tó bá di òwúrọ̀ ẹ ò ní fi ilé ìgbẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ ó gun ìwọ̀n, ẹ ó rí i pé ẹ fúyẹ́, ẹ ó ya fọ́tò. Senna ló pọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, ìbátan àsùnwọ̀n òyìnbó tí wọ́n fi ń pa làpálàpá. Omi ara yín àti oúnjẹ àná ló jáde. Ọ̀rá ò kúrò níbi tó jókòó sí. Kọ́ọ̀bù omi méjì báyìí, ìwọ̀n á padà síbi tó wà, fọ́tò nìkan ló máa kù.

Ìyẹn ṣì jẹ́ èyí tó rọrùn. Ní ilé ìwòsàn amúnifọn kan ní Brussels, láàárín 1990 sí 1992, ewé kan láti China, Aristolochia, bọ́ sí ipò ewé míì nínú oògùn tí wọ́n ń kó sínú kápúsù fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ níbẹ̀, àwọn míì nínú wọn wá ní jẹjẹrẹ nígbà tó yá. Ní Singapore ní 2008 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wá agbára lọ sí oko alẹ́. Wọ́n ra oògùn, tí wọ́n pe àwọn kan nínú rẹ̀ ní egbòogi, glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ gidi, sì ti wà nínú rẹ̀. Àádọ́jọ èèyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ ló dé ọsibítù pẹ̀lú ṣúgà tó ti já wálẹ̀ pátápátá, mẹ́rin kú. Ẹ rí i pé "ewé lásán ni, kò lè ṣe nǹkan kan" yẹn, àwọn tó ń tà á gan-an ò gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, kí ni wọ́n ń ki oògùn òyìnbó bọ inú ẹ̀ fún? Sibutramine náà ń bẹ, tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń bá a nínú kápúsù "egbòogi lásán" fún fífọn.

Àmọ́ ta ló fẹ́ fọn gan-an nílẹ̀ wa? Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Nígbà tí ẹ sanra, ẹ̀yin ni "Ọ̀gá, owó ń wọlé o, ara yín ń dán." Aláṣọ ẹbí ò ní sọ̀rọ̀, á kàn gba ọ̀pá méjì kún tiyín. Ẹ wá dínkù díẹ̀ nípa akitiyan, ẹ rìn láàárọ̀, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ kọ súyà, ẹ sì fọn. Àwọn ẹbí á pe ìpàdé. "Kí ló ṣe é? Ó ti rù! Ṣé ìyàwó ń fún un lóúnjẹ báyìí?" Ìyá yín á fi ìkòkò àsáró ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ kan á fà yín sápá kan, á bi yín wẹ́rẹ́ pé ṣé ẹ ti lọ ṣàyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ọkàn yín á ti pòrúùru, ẹ ó ti padà sí abọ́ méjì kí ìlú lè fọkàn balẹ̀. Ewé wo ló máa wo ìyẹn?

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdáhùn ti jáde, kò kàn korò bí ewúro ni ẹ ò ṣe kà á sí oògùn. Ní Britain, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DiRECT, tó jáde ní 2017, kó àwọn alátọ̀gbẹ tó sanra jọ, wọ́n mú oògùn àtọ̀gbẹ wọn dúró, wọ́n fi wọ́n sórí oúnjẹ tín-ń-tín fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ṣúgà wọn padà síbi tó yẹ láìlo oògùn. Nínú àwọn tó já kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lábẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ṣe é o, ẹ má lọ da oògùn yín nù lọ́la kẹ́ ẹ ní èmi ni mo sọ ọ́. Mo ròyìn èyí fún bàbá kan, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí, ó wá bi mí pé, "Ewé wo ni wọ́n lò?"

Bàbá kan náà ló ń jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nísinsìnyí torí wọ́n ní ó dára fún àtọ̀gbẹ. Ó dára, ní ìwọ̀n. Ó wá gbé e kalẹ̀, abọ́ mẹ́fà, ó ní gbogbo rẹ̀ ni oògùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wá ń di ẹ̀rín ẹkún ni ọsibítù. Ẹ̀yin tí dókítà fún ní glibenclamide, tí ẹ tún ń fi omi ewúro àti ejìnrìn tì í láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì lè fa ṣúgà sísàlẹ̀ 70. Òógùn á bo yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹ ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra. Àwọn ará ilé á ní ayé ti dé, wọ́n á wá òróró àdúrà, wọ́n á pe wòlíì, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà pọ́nbélé tí ẹ ti lé kúrò nínú ilé ló yẹ kí wọ́n pò sómi fún yín kẹ́ ẹ tó dákú. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń béèrè ohun tí ẹ̀ ń lò mọ́ oògùn rẹ̀. Ẹ ò sì jẹ́ dáhùn.

Mo jókòó ní ẹnu ilẹ̀kùn yàrá dókítà kan, ilẹ̀kùn ò padé dáadáa. Dókítà náà ń kìlọ̀ nípa ikùn fún ìyá kan, bọ́tìnnì tó wà níbi ìdodo dókítà sì ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ìbílẹ̀ kankan mọ́ èyí tí mo fún yín?"

"Áà, Dókítà! Láéláé. Tiyín náà ni mo ń lò."

Inú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá, ìgò kan tí ìdérí rẹ̀ kò mú ti ń kán tó, tó, tó, sórí táìsì. Òórùn agbo ti gba yàrá, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi níta. Nọ́ọ̀sì ṣí fèrèsé, ó jáde lọ wá nǹkan ìnulẹ̀.

"Màmá, kí ló ń rùn báyìí?"

"Lọ́fínńdà mi ni."

Dókítà dìde, ó yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá nọ́ọ̀sì ti lọ jìnnà, ó padà jókòó, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ìyá náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lọ́fínńdà yẹn, Màmá, ṣé ó ń fa ikùn wọlé?"